Ẹ̀kọ́ fún Ìdílé: Fídíò Tí Kò Fẹ́ Ṣí

Kíkà Bíbélì: Jóṣúà orí 4

 

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, bàbá àgbà kan nínú ìjọ wa pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì fa kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan yọ nínú báàgì wọn. Àbúrò wọn tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi ránṣẹ́ sí wọn ní 1999. Ìgbéyàwó ọmọ àbúrò náà ni wọ́n yà sínú rẹ̀, ìyá wọn sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń súre fún tọkọtaya. Ìyá náà ti sùn nínú Olúwa báyìí. Bàbá ní, "Nọ́ọ̀sì, kásẹ́ẹ̀tì yìí ti kú. Àwòrán rẹ̀ kàn ń yí gbirigbiri ni, kò sì ní àwọ̀. Mo fẹ́ dà á nù, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbà á." Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dà á nù. Kásẹ́ẹ̀tì náà kò kú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó ni kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi kọ ẹ̀kọ́ yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé wa ní Peckham níbí ni irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ ibùsùn tàbí lórí kọ́bọ́ọ̀dù: ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìdúpẹ́. Àwọn ẹlòmíràn ní díìsìkì tí kò ṣí, tàbí fídíò orí fóònù tí kọ̀ǹpútà kọ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wa sì ń sọ: "Ó ti tì pa."

ÒKÚTA MÉJÌLÁ

Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì la odò Jọ́dánì kọjá, Ọlọ́run pàṣẹ kí wọ́n gbé òkúta méjìlá láti àárín odò náà, Jóṣúà sì tò wọ́n jọ ní Gílígálì. Ìdí rẹ̀ ni pé bí àwọn ọmọ bá béèrè lọ́jọ́ iwájú ohun tí àwọn òkúta náà jẹ́, àwọn òbí yóò lè sọ ìtàn náà fún wọn. Lójú tèmi, àwọn fídíò ilé wa wà lára òkúta tiwa. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí ní ìlú yìí kò mọ ojú ìyá àgbà wọn bí kò ṣe nínú fídíò. Ṣùgbọ́n òkúta tí ọmọ kò bá rí, kò lè béèrè ìtumọ̀ rẹ̀.

Èmi náà ti ṣẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1997, ìyá ìyá mi pé ọmọ ọgọ́rin ọdún ní Abẹ́òkúta, a sì ya fídíò ọjọ́ náà. Màmá jókòó, wọ́n ń kì àwọn ọmọ-ọmọ wọn ní oríkì lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹ̀gbọ́n dé orí àbúrò mi tó kéré jù. Ní 2003, èmi fúnra mi ni mo ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ inú ẹ̀rọ láti fi gba ètò kan sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, nítorí mo rò pé òfìfo ni. Ìṣẹ́jú 11 péré ló bàjẹ́. Oríkì àbúrò mi sì wà nínú ìṣẹ́jú 11 náà. Màmá ti kú nígbà yẹn. Kò sí ẹni tó tún lè kì í bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, mi ò kọ èyí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tán. Mò ń kọ ọ́ bí ẹni tí ó ti pàdánù.

Ẹ KỌ́KỌ́ MỌ ÀÌSÀN NÁÀ

Nínú iṣẹ́ tiwa, a kì í fún aláìsàn lóògùn kí a tó mọ ohun tó ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a ṣe sí fídíò tí kò ṣí. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin yìí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun:

1. Ṣé èdè rẹ̀ ni kò yé ẹ̀rọ tí mo fi ń wò ó?
2. Ṣé ó bàjẹ́ ni, tàbí wọn kò parí rẹ̀?
3. Ṣé ohun kékeré kan ló dì í mú, tí èmi fúnra mi lè tú?
4. Ṣé ẹni tó ni ín ló mọ̀ọ́mọ̀ tì í?

Èyí tó pọ̀ jù nínú fídíò ilé tí a ń pè ní "títì pa" kò tì rárá. Ìbéèrè kìíní ni ìdáhùn wọn. Àwọn àgbà sì ti sọ fún wa pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ má fi ipá ṣí ohunkóhun. Bí ó bá sì jẹ́ fáìlì, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ tó dán ohunkóhun wò. Orí ẹ̀dà ni kí ẹ ti ṣe ìdánwò, kì í ṣe orí ojúlówó.

KÁSẸ́Ẹ̀TÌ

Kásẹ́ẹ̀tì ńlá tí gbogbo wa mọ̀, VHS, ilé iṣẹ́ JVC ló gbé e jáde ní Jàpáànì ní 1976. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ àwòrán sínú rẹ̀ kò dọ́gba káàkiri ayé. Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo ìlànà tí à ń pè ní PAL, tí ó ní ìlà 625 àti àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Amẹ́ríkà ń lo NTSC, tí ó ní ìlà 525 àti nǹkan bí àwòrán 30. Àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń lo SECAM, bíi ti ilẹ̀ Faransé.

Ìdí nìyí tí kásẹ́ẹ̀tì Èkó fi ń ṣiṣẹ́ ní Peckham láìsí wàhálà, tí ti Amẹ́ríkà sì ń yí gbirigbiri. Èyí tó wá láti Kútọnu lè yọ dáadáa, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ dúdú àti funfun. Ẹ wo ara kásẹ́ẹ̀tì náà: bí ẹ bá rí T-120, ó sábà máa ń jẹ́ ti Amẹ́ríkà, bí ẹ bá rí E-180 tàbí E-240, tiwa ni. Ẹ̀rọ kan wà tó ń gbọ́ ju èdè kan lọ. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n tà nílẹ̀ yìí ní "NTSC Playback" lára wọn. Bí ẹ kò bá ní irú rẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń fi iṣẹ́ yìí ṣe òwò léèrè bóyá ó lè ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí ẹ tó ti kásẹ́ẹ̀tì ilé bọ inú ẹ̀rọ, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ike pẹlẹbẹ kékeré kan wà ní igun rẹ̀. Bí ẹ bá ṣẹ́ ike náà kúrò, ẹ̀rọ kò ní lè gba ohunkóhun lé e lórí mọ́. Títì tó dára nìyẹn! Ká ní mo ti ṣẹ́ ti Màmá ni, oríkì àbúrò mi ìbá wà níbẹ̀ dòní.

Ẹ ṣí ìdérí iwájú rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wo téèpù inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí èébú, ẹ má fi sínú ẹ̀rọ, nítorí yóò ba téèpù àti ẹ̀rọ jẹ́, yóò sì ran kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tí ẹ bá fi tẹ̀ lé e. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ bí a ṣe ń fọ̀ ọ́. Bí ó bá mọ́, ẹ jẹ́ kí ó wà nínú yàrá fún ọjọ́ kan kí òtútù àká kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sáré rẹ̀ lọ dé òpin, kí ẹ sì sáré rẹ̀ padà, kí ẹ tó wò ó.

Láti gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ nílò ẹ̀rọ tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì, wáyà láti ẹ̀yìn rẹ̀, àti ẹ̀rọ kékeré kan tí ń gba àwòrán wọlé láti ihò USB. Kò sí ọ̀nà àbùjá: kásẹ́ẹ̀tì wákàtí 3, wákàtí 3 ni yóò gbà. Ẹ jókòó tì í. Ẹ pe àwọn ọmọ.

Ẹ má fi dọ́la o. Ilé iṣẹ́ Funai ní Jàpáànì, tí ó kẹ́yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ dúró ní 2016. Ní 2019, UNESCO pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ohùn àti àwòrán àgbáyé kéde pé ohun tí kò bá kúrò lórí téèpù ní nǹkan bí 2025 lè ṣègbé, nítorí ẹ̀rọ àti àwọn ohun tí a fi ń tún un ṣe ń tán lọ. Ọdún náà ti dé bá wa. Èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí, ẹ tètè lò ó.

DÍÌSÌKÌ

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fa wàhálà. Èkíní ni agbègbè. Àwọn tó ń ṣe DVD pín ayé sí ọ̀nà: 1 ni Amẹ́ríkà, 2 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 5 ni Nàìjíríà. Fíìmù tí wọ́n ṣe fún agbègbè 1 kò ní ṣí lórí ẹ̀rọ tó jẹ́ ti 2 nìkan. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Èyí tí wọ́n kọ 0 tàbí "All" sí yóò ṣí níbi gbogbo, DVD tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe nílé kì í sì í ní agbègbè rárá.

Èkejì ni díìsìkì tí wọn kò parí. Bí ẹni tó ya ìgbéyàwó yín bá gba á tààrà sórí díìsìkì, ó gbọ́dọ̀ tẹ ibi tí wọ́n kọ "Finalise" sí nígbà tó bá ṣe tán. Bí kò bá ṣe é, inú ẹ̀rọ tó fi gbà á nìkan ni díìsìkì náà yóò ti máa ṣí. Ẹ má jù ú nù. Ẹ wá ẹ̀rọ náà, tàbí irú rẹ̀ gan-an, kí ẹ parí rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Video CD, tí ó gbilẹ̀ gan-an nílé lẹ́yìn tí kásẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ìṣẹ́jú 74 ló ń gbà, ìdí nìyẹn tí fíìmù kan fi máa ń jẹ́ díìsìkì méjì. Bí ẹ bá fi sínú kọ̀ǹpútà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ MPEGAV sí. Fídíò náà wà níbẹ̀, DAT ni ìparí orúkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n VLC tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí mọ̀ ọ́n.

FÁÌLÌ ORÍ FÓÒNÙ ÀTI KỌ̀ǸPÚTÀ

Orúkọ tó wà ní ìparí fáìlì, bíi MP4, MOV, AVI tàbí MKV, orúkọ àpótí ni. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ká àwòrán àti ohùn pọ̀ sínú àpótí náà, ohun ọ̀tọ̀ ni. Àwọn kan a máa pa MOV rẹ́, wọn a kọ MP4 sí i, wọn a rò pé àwọn ti yí i padà. Ẹ̀yin ará, bí a bá yí àkọlé ara ìgò padà, ṣé oògùn inú rẹ̀ yí padà? Rárá. Ẹ má ṣe é nílé ìwòsàn, ẹ má ṣe é lórí kọ̀ǹpútà.

Oògùn àkọ́kọ́ ni VLC. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ka irú fáìlì púpọ̀ tí àwọn mìíràn kọ̀. Bí VLC bá ṣí i, kò sí títì kankan níbẹ̀.

Èkejì ni HandBrake, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Òun ni yóò yí fáìlì náà padà ní ti gidi. Ẹ tẹ "Open Source", kí ẹ mú fáìlì náà. Níbi "Preset", ẹ mú "Fast 1080p30" fún fídíò fóònù, tàbí "Fast 576p25" fún èyí tó wá láti orí kásẹ́ẹ̀tì PAL tàbí DVD tí a ṣe nílé. Ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ kó wà, kí ẹ tẹ "Start Encode", kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Fáìlì MP4 tí yóò jáde yóò ṣí lórí fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà tó pọ̀ jù. Ẹ wò ó dé òpin kí ẹ tó gbàgbọ́. Orí ìkànnì àwọn tó ṣe wọ́n nìkan ni kí ẹ ti gba méjèèjì. Ẹ má gbé fídíò ìdílé yín sórí ibi tó ń ṣèlérí pé òun yóò "ṣí i" fún yín, tàbí tó ń béèrè nọ́ńbà káàdì báńkì. Ẹ kò mọ ọwọ́ tí yóò bọ́ sí.

Ẹ̀yin tó ń lo iPhone: láti 2017 ni fóònù náà ti ń ká fídíò pọ̀ ní ọ̀nà tuntun kan tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò gbọ́. Bí ẹ bá ń ránṣẹ́ sílé léraléra, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Camera, lẹ́yìn náà Formats, kí ẹ mú "Most Compatible". Bí ẹ bá sì ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bí "Document", nítorí bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí fídíò lásán, yóò dín àwòrán náà kù.

Àwọn ohun kékeré tó ń di fáìlì mú nìwọ̀nyí. Káàdì kámẹ́rà ní ike kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ tó ń lọ sókè sódò; bí ó bá wà níbi "Lock", ẹ kò ní lè kọ ohunkóhun sí i tàbí yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ní fáìlì náà wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ ti ṣí i síbòmíràn tí ẹ gbàgbé; ẹ pa gbogbo rẹ̀ dé, tàbí kí ẹ pa kọ̀ǹpútà náà kí ẹ tún un tàn. Bí ó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí, ẹ pe ẹni tó fi ránṣẹ́. Ìpè kan lórí fóònù dára ju wákàtí mẹ́ta tí a fi ń ṣe ìfà lọ.

Bí bátìrì fóònù bá sì kú nígbà tí ẹ ń ya fídíò lọ́wọ́, fáìlì yóò wà níbẹ̀, yóò tóbi, ṣùgbọ́n kò ní ṣí. Ìdí rẹ̀ ni pé ìparí ni fóònù máa ń kọ atọ́ka tó ń sọ ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan wà, kò sì rí i kọ. Ẹ má pa á rẹ́. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lè lo fídíò mìíràn tó pé, tí ẹ fi fóònù kan náà yà, láti tún atọ́ka náà ṣe. Nígbà púpọ̀, ó máa ń ṣeé ṣe.

ÌLẸ̀KÙN TÍ KÌ Í ṢE TIWA

Ó ku ìbéèrè kẹrin, bí lérédà ni mo sì fẹ́ fi dáhùn rẹ̀, kì í ṣe bíi nọ́ọ̀sì. Títì kan wà tí ẹni tó ni iṣẹ́ náà fi sí i. Nínú ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì fíìmù tí wọ́n ń tà, wọ́n fi ohun kan sí i tí ẹ̀dà rẹ̀ yóò fi máa mọ́lẹ̀, tí yóò sì tún máa ṣókùnkùn. Wọ́n ń ti DVD pẹ̀lú, àti èyí tí a ń sanwó oṣù wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òfin ilẹ̀ yìí tó ń dáàbò bo iṣẹ́ oníṣẹ́, ti 1988 àti àwọn àtúnṣe rẹ̀, kò gbà kí a já irú títì bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2014, ìjọba fi àyè gba ènìyàn láti ṣe ẹ̀dà ohun tó rà fún ìlò ara rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga fagi lé e ní oṣù keje 2015.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: "Mo ti rà á, tèmi ni." Ṣùgbọ́n ẹ rántí ibi tí fíìmù wa ti wá. Kenneth Nnebue gbé Living in Bondage jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì ní 1992, ọjà náà sì ṣí gbayawu. Túndé Kèlání gbé Ti Olúwa Nilẹ̀ jáde ní 1993, àti Saworoidẹ ní 1999. Owó kásẹ́ẹ̀tì ni irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń san owó òṣèré àti ti ayàwòrán. Ẹni tó bá ṣe ẹ̀dà kan tó pín in fún ilé mẹ́wàá, ó ti jẹ owó ilé mẹ́wàá. Òfin Ọlọ́run nípa olè jíjà kò yọ kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Ohun tí a ti bí ìdílé wa sí, ẹ tọ́jú rẹ̀ tọkàntọkàn. Ohun tí ẹlòmíràn fi àárẹ̀ ara rẹ̀ ṣe, ẹ rà á, ẹ wò ó, kí ẹ sì fi títì rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ya ìgbéyàwó yín tí ó sì ti fáìlì, ẹ lọ bá a, ẹ san gbèsè tó bá kù, kí ẹ sì gbàṣẹ.

LẸ́YÌN TÍ Ó BÁ ṢÍ

Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nílé yín, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹbí tó ń gbé ilé mìíràn, ọ̀kan lórí ibi ìpamọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ju kásẹ́ẹ̀tì ojúlówó nù. Kí ẹ sì pe àwọn àgbà jókòó, kí wọ́n sọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún àti ìlú. Bí kò bá sí orúkọ, òkúta lásán ni.

Kásẹ́ẹ̀tì bàbá wa ńkọ́? A rí ẹ̀rọ tó gbọ́ èdè Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwòrán dúró, tí àwọ̀ sì yọ, bàbá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló fọwọ́ tọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Bàbá, ta ni màmá yẹn?" Bàbá gbé e lé ẹsẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍLÉ

1. Kí ni ìdí tí Ọlọ́run fi fẹ́ kí àwọn ọmọ rí òkúta náà, kì í ṣe kí wọ́n gbọ́ ìtàn nìkan?
2. Kásẹ́ẹ̀tì, díìsìkì tàbí fáìlì mélòó ló wà nílé wa tí a kò tíì wò láti ọdún yìí wá? Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ọjọ́ wo sì ni?
3. Ǹjẹ́ ohun kan wà nílé wa tí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láìgbàṣẹ? Báwo ni a ṣe lè ṣe àtúnṣe?

Kí Olúwa pa ìrántí àwọn òbí wa mọ́ láàrin wa, kí ó sì kọ́ wa ní sùúrù láti wá kọ́kọ́rọ́ kí a tó já ìlẹ̀kùn. Àmín.

Arábìnrin yín nínú Kristi.